Orúkọ Ẹni Tó Mọ Ọ̀nà

Bàbá mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, òtútù Toronto kò sì tíì gbé mi lọ bí ẹ ṣe ń bẹ̀rù. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní North York, mo sì mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Ẹ má bínú pé mò ń yin ara mi, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó kíláàsì mi lọ sí etí odò Humber. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó gba inú igbó lọ sí àwọn adágún apá àríwá. Àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ tó wá wo ilẹ̀ yìí gba ibẹ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi lé èjìká. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n kọ ìwé, òkìkí wọn sì kàn. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ ló ń lọ níwájú wọn. Àwọn ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti lè wọ odò, àwọn ló mọ èso tí ń pani. Nínú ìwé òyìnbó, ẹ óò kàn rí "amọ̀nà wa" tàbí "arúgbó kan".

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ ìyá àgbà kan, ọmọ Anishinaabe, ọ̀kan lára ẹ̀yà àwọn onílẹ̀ náà, tí àwọn baba ńlá wọn ń rin ọ̀nà yẹn, pé kí wọ́n mú wa lọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bẹ̀ wọ́n. Ojú wọn ti rí nǹkan lọ́dọ̀ àwọn ilé ìwé mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni wọ́n sì fẹ́ fi dán wa wò. Bí kò bá dára, ó parí nìyẹn.

Mo tẹ ìwé pélébé kan fún àwọn òbí. Mo kọ orúkọ àwọn òyìnbó arìnrìnàjò náà síbẹ̀, ti ọ̀gá ilé ìwé, àti tèmi gàdàgbà. Nígbà tó kan ìyá àgbà náà, tí mo ń pè ní Mama, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹni tó ju màmá mi lọ lọ́jọ́ orí, kí n kọ orúkọ wọn lásán bí ẹni ń kọ ti ẹgbẹ́ rẹ̀? Ṣé bí ẹ ṣe tọ́ mi nìyẹn? Mo kọ "Àgbà wa tí yóò ṣamọ̀nà". Inú mi dùn sí ara mi, ọmọlúàbí ni mí.

Létí odò, Mama ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá a padà fún mi.

"Èmi dà níbẹ̀?"

Bàbá, ojú gbà mí tì. Mo kúnlẹ̀ sórí ewé tútù lójú àwọn ọmọ, mo ṣàlàyé pé nílé wa, a kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Mama gbọ́ mi, wọn kò rẹ́rìn-ín. Ni mo bá dìde, mo kọjú sí kíláàsì, mo pe orúkọ Mama ní kíkún: Lorraine Birchwater. Ó wúwo lẹ́nu mi. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sórí ìwé tirẹ̀. Mama dúró títí ẹni ìkẹyìn fi kọ ọ́ tán, kí wọ́n tó ṣíwájú wa wọ igbó. Wọ́n ti gbà láti tún wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. "Respect ẹ yìí ti pọ̀ jù, Teacher! O fẹ́rẹ̀ẹ́ ba excursion jẹ́!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni ọkàn mi lọ.

Nígbà tí ẹ ń wọn ilẹ̀ ní Òkè-Ògùn, ọdẹ kan ló ń lọ níwájú yín. Àwọn ló fa ẹ̀wù yín sẹ́yìn lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ tẹ paramọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ wọn, ẹ máa ń ṣí fìlà. Bàbá Ọdẹ ni ẹ ń pè wọ́n, àwa ọmọ náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Orúkọ yín wà lórí gbogbo máàpù tí ẹ yà níbẹ̀, tiwọn kò sí níbì kankan. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi n'Ìbàdàn, àwọn náà ò mọ orúkọ náà. Kí ló dé tí n kò bi yín rí?

N kò dá yín lẹ́bi, ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí wọn lọ́run lọ́hùn-ún, ẹ má pè wọ́n ní Bàbá Ọdẹ mọ́. Ẹ pe orúkọ wọn sókè, kí n lè gbọ́ ọ láti ibí.

Ọmọ yín obìnrin, tó ń fi yín yangàn títí dòní.