Ìkẹ́dùn lórí Dókítà Àdìjátù, Ẹni Tó Ń Fi Orúkọ Ara Rẹ̀ Kẹ́yìn

Sí Alhaji Mọ́nsúrù Kọ́láwọlé àti àwọn ọmọ, Ṣakí.

Bàbá Bàṣírátù, ìbànújẹ́ ọkàn la fi ń kọ ìwé yìí sí yín lórúkọ Yunifásítì Ìmọ̀ Ìlera Àsàbàrí, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀. Aya yín, Dókítà Àdìjátù, tó papòdà lọ́jọ́ Alàmísì tó kọjá, lo ọdún mọ́kàndínlógún pẹ̀lú wa.

Ìwà tó yẹ kí dókítà àti nọ́ọ̀sì máa hù sí aláìsàn ni wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí. Wọ́n tún ń ka gbogbo àpilẹ̀kọ tó ti jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ gan-an àti ẹni tó kàn fi orúkọ sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ọ̀wọ̀ àgbà ń ba ìṣirò wa jẹ́. Olùwádìí kékeré á gun ọ̀kadà dé Kòmu àti Ọ̀tu, á jókòó ti aláìsàn látàárọ̀, orúkọ ọ̀gá tí kò kúrò ní ọ́fíìsì ni yóò sì ṣáájú lórí ìwé.

Àwọn ló bá wa kọ òfin tuntun: ẹni tó rìn jù ni kí orúkọ rẹ̀ ṣáájú, ẹni tó ṣáájú nìkan la ó sì kà á fún nígbà ìgbéga. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Nínú àpilẹ̀kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí àwọn fúnra wọn gbèrò tí wọ́n sì kọ, orúkọ wọn ṣáájú nínú mẹ́ta péré, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ló rìn jù nínú ìyókù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bèèrè ipò Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ̀. Nígbà tí a fẹ́ yẹ òfin fún wọn, wọ́n ní, "Bí ẹ bá yẹ ẹ́ fún mi, ẹ ó yẹ ẹ́ fún ọ̀gá tó ń jẹ iṣẹ́ oníṣẹ́." A fi òfin náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Iṣẹ́ tí wọ́n parí kẹ́yìn fi hàn bí a ṣe lè ka ìpín gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́, kí ti ẹnì kan má sọnù. Ìgbìmọ̀ Ìgbéga wa gbà á láná, ọjọ́ Ajé. Nípa òṣùwọ̀n yìí, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti tó Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àmọ́ òfin wa kò gbà kí a gbé òkú ga.

A ṣèlérí pé iṣẹ́ náà yóò jáde, orúkọ wọn ni yóò sì ṣáájú. Gbémisọ́lá Ìyápọ̀, tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, ni yóò mójú tó o.

Bàṣírátù bèèrè bóyá ẹ lè kọ "Ọ̀jọ̀gbọ́n" sórí ìwé ìpè àdúà ọjọ́ kẹjọ. A jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà fún wákàtí mẹ́ta. A ò ní àṣẹ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo fọwọ́ sí lẹ́tà mẹ́ta tí a fi kọ̀ fún wọn ni mo tún ń fọwọ́ sí èyí, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ń bọ̀ níbi àdúà náà, ohunkóhun tí ẹ bá sì kọ síwájú orúkọ wọn la ó fi pè wọ́n.

Kí Ọlọ́run, tí kì í gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ fún ẹlòmíràn, forí jì wọ́n, kó fi Alijánnà ṣe ilé wọn, kó sì tu ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nínú. Àmín.

Cornelius Ògúndìran
Akọ̀wé, Ìgbìmọ̀ Ìgbéga