Ìbọ̀wọ́ Tó Ń Juwọ́ Lórí Igi Ọgbà

Oulu, nílẹ̀ Finland, lóṣù Kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Àbúrò mi Salme á ka ìwé yìí sí yín létí. Salme, má fo ibì kankan o, mo mọ̀ ẹ́.

Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ẹ má bínú sí mi: ìbọ̀wọ́ pupa tí ẹ hun fún mi kí ojú yín tó di bàìbàì, ọ̀kan ti bọ́ sọnù sínú yìnyín. Mo fi igi tú gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà, n kò rí i. Ìyá Kerttu, onílé mi, ní, "Ra òmíràn jàre, ìbọ̀wọ́ kún ọjà."

Mo ní, "Màmá, ta ló hun àwọn yẹn?"

Àfi bó ṣe wọlé lánàá tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Maret, ìbọ̀wọ́ rẹ ń juwọ́ sí gbogbo ayé lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ẹja!"

Bíi ti ọ̀dọ̀ wa ni níbí, ẹni tó bá rí ìbọ̀wọ́ he á fi bọ orí igi ọgbà kí ẹni tó ni ín lè rí i. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, Ìyá Kerttu ní ó ti dì gbagidi.

Ó wá bi mí pé, "Ṣebí ẹnu ọ̀nà yẹn lò ń gbà wọlé síbi iṣẹ́ láràárọ̀?"

Mo ní wọ́n fún wa nísinmi díẹ̀ ni. Ó wò mí títí, ó bu ọbẹ̀ ẹja kún àwo mi.

Ẹ má ta màlúù yín láti fi owó ránṣẹ́ sí mi. Ta ló ń ta màlúù nígbà òtútù tó jèrè? Ẹ kí gbogbo ará Kihnu, erékùṣù wa. Bí wọ́n bá béèrè mi, ẹ ní ọwọ́ mi méjèèjì gbóná.

Ọmọ yín, Maret