Àwòrán Tí Mi Ò Gé Kí N Tó Gbé E Síta

"Ṣé mo fi ebi pa ọ́ ni? Ṣé mo nà ọ́ rí? Kí ni mo ṣe tó o fi ń bi kọ̀ǹpútà bí o ṣe máa kúrò lọ́dọ̀ mi?"

Ohun tí Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi tán nìyẹn, Màmá mi. Gbogbo àdúgbò wa ní Okpoko ló gbọ́. Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín àjákù aṣọ tí mo sá pamọ́ sí. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí àbúrò mi tí kì í gbé fóònù mi. Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Tibí ti wọ ẹnu ọ̀nà wa, orí búlọ́ọ̀kù la ń tẹ̀ wọlé.

Ẹ mọ̀ pé Àǹtí, àbúrò yín, ra máṣíìnì mọnogíráàmù, èyí tó ń ya òdòdó sára aṣọ. Inú kọ̀ǹpútà ni òdòdó náà ti ń wá. Lánàá, èyí tí mo wà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún aṣọ ìyàwó kan kọ̀, kò ṣí. Mo ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, mo gbé e sí gúrúùpù àwọn aránṣọ Onitsha, mo ní kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́.

Odindi àwòrán ni o! Orúkọ mi àti fọ́tò mi wà ní igun. Gbogbo ojú ewé tí mo ṣí sílẹ̀ tò lókè bí aṣọ tí wọ́n sá: ọ̀kan jẹ́ fọ́ọ̀mù ìdánwò girama, èkejì ni ìbéèrè tí mo tẹ̀, pé báwo ni mo ṣe lè sọ fún àǹtí mi pé mi ò fẹ́ ránṣọ mọ́. Nkechi, ọ̀gá àwa ọmọ iṣẹ́, ló kọ́kọ́ rí i láàárọ̀ yìí. Ó fi ẹ̀rín kà á sókè: "Madam, come see o, your pikin wan run!" Màmá, ó wù mí kí ilẹ̀ lanu.

Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí tún kọ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ó ní kí n da ìlà gígùn kan kọ látinú kọ̀ǹpútà, kí n fi ránṣẹ́, òun á bá mi tún un ṣe. Mo ti dà á kọ tán kí Bọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe ní Nkpor tó pè mí. Òun náà ti rí àwòrán yẹn. Ó ní kí n má dán an wò, pé ẹni tó bá gba ìlà yẹn á wọlé bí èmi gan-an, láìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, títí dé ibi tí àwọn oníbàárà Àǹtí ti ń kọ̀wé sí i. Ó ní bí mo bá fẹ́ béèrè nǹkan, kí n ti gbogbo ojú ewé yòókù, kí n ṣí ojú ewé tuntun tí orúkọ mi ò sí lórí ẹ̀, kí n gé àwòrán ku ibi tó ń dùn mí nìkan. Mo pa ìlà náà rẹ́.

Mi ò kórìíra Àǹtí, Màmá. Kíláàsì kẹta girama tí mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ló ń dùn mí.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo wo ibi tí àwọn obìnrin aránṣọ wa ti máa ń béèrè ọ̀rọ̀ láìdárúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé síbẹ̀. Kò sí orúkọ, kò sí fọ́tò. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń gbé lọ́dọ̀ òun, ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò lọmọ náà fẹ́ràn, òun sì máa ń fi pamọ́ fún un. Ó ní ọmọ náà fẹ́ kàwé, ó ń bẹ̀rù òun. Ó béèrè pé ṣé ojú òun le tó bẹ́ẹ̀ ni.

Mo yọjú wo iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí tẹrí ba, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń nu ojú.

Kí Ọlọ́run fi ara líle dá yín sí fún wa. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ má gbàgbé àwọn ará ìsàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Àǹtí gbọ́ pé mo rí ìbéèrè náà. Mo máa dá a lóhùn, láìdárúkọ. Mo ti mọ ohun tí màá kọ síbẹ̀, ọkàn mi sì ti balẹ̀. Ẹ má bi mí. N ò ní sọ ọ́ fún ẹnì kankan, ẹ̀yin pàápàá.

Èmi ọmọ yín.