Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Mùtíù

                                                            Ojúlé Kẹrin, Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
                                                            Ìbàfò,
                                                            Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdù, 2025.

Àbẹ̀bí, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ará Ifọ̀ ńkọ́? Ṣé orúnkún ìyá ọkọ rẹ ti fúyẹ́, àbí wọ́n ṣì ń bá àkàsọ̀ jà? Èmi àti Nusaybah ń jẹun, a sì ń sùn, a dúpẹ́. Lórí fóònù, ẹkún kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

O mọ kọ̀ǹpútà tí Mùtíù ọkọ mi fi sílẹ̀, èyí tí mo fi ń tẹ ìwé fún àwọn oníbàárà. Inú rẹ̀ ni ohùn Mùtíù tí a gbà sílẹ̀ wà, níbi tó ti ń kọ́ Nusaybah ní Fátíà, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ṣe ń ṣì í pè. Fóònù rẹ̀ bá ìjàǹbá ọkọ̀ tó pa á lọ, ibẹ̀ nìkan ló kù.

Kọ̀ǹpútà náà wá ń wọ́ bí ìgbín. Ògúnbọ̀dé tó máa ń tún un ṣe wò ó, ó ní, "Ìyá Nusaybah, ọpọlọ ẹ̀ ló ti gbó. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká fi tuntun sí i." Àyà mi já. Ṣebí ọpọlọ lèèyàn fi ń rántí nǹkan? Mo rò ó títí, mo ní kó kúkú gbé gbogbo rẹ̀ lọ, kó fi òmíràn pààrọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n kó yọ ọpọlọ rẹ̀ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín: "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, màdáámú?" Mo dì í mọ́ inú ìborùn mi bí ẹni gbé wúrà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e fún Olúwajùwọ́n, aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Arépò, pé kó bá mi yọ ohùn ọkọ mi jáde. Ó ní: "Màmí, ìṣirò lèyí ń ṣe o. Dísìkì ló ń tọ́jú nǹkan, ó wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ gbé fún wọn." Ká ní mo gbà kí wọ́n pààrọ̀ ọpọlọ yẹn ni, ohùn Mùtíù ì bá ṣì wà níbẹ̀! Mo sáré pe Ògúnbọ̀dé. Ó ti pa gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì náà rẹ́ kó tó tà á. "Ẹ ò sọ fún mi pé nǹkan wà níbẹ̀," ló ń tún sọ ṣáá. Kò purọ́.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ orí ni mo bẹ́. Àbẹ̀bí, ó dùn mí ju ọjọ́ tí a sin ín lọ. Lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ló mú un. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni.

Bá mi kí ìyá àtàwọn ọmọ. Jọ̀wọ́, wo fóònù ọkọ rẹ. Òun àti Mùtíù máa ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn. Bó jẹ́ ìbínú ló fi ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, bó tiẹ̀ jẹ́ ikọ́ lásán ló ń wú, ẹ má pa á rẹ́. Fi ránṣẹ́ sí mi.

                                                            Èmi tìrẹ ni,
                                                            Sọ̀fíyátù