Sitáfù Ayaba

Ajé, 4 Ẹrẹ́nà 1996
Ayaba tún ti gbayì. (Ìbíyínká tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ni o. Ẹnu mi ò gbọdọ̀ ṣèèṣì pè é ní Ayaba níbẹ̀.) Ó ní sitáfù, kòkòrò àrùn tó wà lójú egbò àwọn ọmọ tó jóná, ò bẹ̀rù oògùn mẹ́tísílìnì mọ́, kí wọ́n pààrọ̀ oògùn Wosilat, ọmọ ọdún mẹ́fà, kíákíá. Ọ̀gá wa ní ọsibítù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí i kú iṣẹ́: "Madalla!" Ó wá yíjú sí mi: "Dókítà, ṣé epo díísù wà nínú jẹnẹrétọ̀?"
Èmi tí mò ń lọ sí wọ́ọ̀dù láràárọ̀, tí mò ń fi òwú nu ojú egbò wọ̀nyẹn gba kòkòrò fún un!

Ìṣẹ́gun, 5
Ayaba níhìn-ín, Ayaba lọ́hùn-ún.

Ọjọ́rú, 6
Mo rí i mú! Iṣẹ́ àyẹ̀wò tó ṣe ò ṣòro. A ó tẹ́ kòkòrò sójú àwo, a ó gbé bébà roboto tó gba oògùn sára lé e. Bí oògùn bá pa kòkòrò, àyíká bébà á mọ́ fo. Bí kò bá pa á, á hù dé etí bébà. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti ba oògùn ara bébà jẹ́ ńkọ́? Sitáfù ọ̀lẹ pàápàá á hù débẹ̀. NẸ́PÀ ò sì múná wá lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá — fíríìjì tí a ń kó bébà sí gbóná bí ààrò. Mo sọ fún Ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n má tíì pààrọ̀ oògùn Wosilat, kí n mú ẹ̀rí wá.

Ọjọ́bọ̀, 7
Sitáfù tí oògùn ń pa, tí a fi ń dán bébà wò, ti kú sínú fíríìjì. Matthias tó ń fọ àwo káwọ́ lérí: "Kai, Dókítà! Níbo la ó ti rí òmíràn?" Nínú imú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé sitáfù kiri nínú imú láìṣàìsàn. Mo ti òwú bọ imú tèmi.

Àbámẹ́ta, 9
Ó hù dé etí bébà Ayaba! Sitáfù imú tèmi, tí kò ṣe mí ní nǹkan kan rí! Bébà ti bàjẹ́. Mo kọrin délé ní Narayi. Ìyàwó mi ní: "Bàbá Tìmí, ta ló kú tí ẹ jogún rẹ̀?"

Àìkú, 10
Ẹ̀rí kan ò tó. Mo gba bébà tuntun ní Zaria, mo gbé e bọ̀ nínú yìnyín. Mo ní kí ìyàwó mi náà gbé imú wá. "Ẹ̀yin àti obìnrin yẹn! Imú tèmi lẹ fẹ́ fi bá a jà?" Ó ṣáà gbé imú sókè, mo ti òwú bọ̀ ọ́.

Ajé, 11
Ibà Wosilat ò wálẹ̀.

Ọjọ́rú, 13
Àwo kòkòrò imú ìyàwó mi: àyíká bébà mọ́ fo — bébà tuntun, bébà Ayaba, bákan náà. Kò sóhun tó ṣe bébà. Àwo tèmi: ó hù dé etí bébà méjèèjì.
Sitáfù inú wọ́ọ̀dù ló wà nínú imú mi. Bóyá àwọn ọmọ ló kó o ràn mí. Bóyá èmi ni. Mi ò fi nǹkan bo imú rí.
Oògùn tí kò ràn án ni Wosilat ṣì ń gbà. Nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Ọ̀gá ni.
Mo gbé àwo lọ bá Ìbíyínká. Ó wò ó títí, ó sáré lọ sí wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n pààrọ̀ oògùn Wosilat. Nígbà tó padà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má wọbẹ̀ mọ́ títí a ó fi wo imú yín sàn."

Ẹtì, 15
Wosilat jẹ ẹ̀kọ díẹ̀. Níbi ìpàdé, Ìbíyínká ní: "Dókítà fúnra wọn ló rí sitáfù náà nínú imú wọn, àwọn ló sì gbé àwo wá." Kò sọ ti bébà. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́: "Madalla!"
Mi ò tíì jowú Ìbíyínká tó báyìí rí.