Irun Tí Wọ́n Gé Lọ́rùn Ajá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àìfojúrínra. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí, torí mi ò kàn wá kí yín lásán.

Ẹ ó rẹ́rìn-ín tí ẹ bá gbọ́ pé ajá ni mò ń tọ́jú báyìí, tí mi ò sì gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Obìnrin kan wà ní Ìgàndò, Àǹtí Ṣadé là ń pè wọ́n, tí wọ́n fi odindi àgbàlá wọn ṣe ilé fún àwọn ajá tí àwọn èèyàn lé síta. Lọ́jọ́rú àti Sátidé, mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ bá wọn fọ ilé àwọn ajá náà, kí n sì bá wọn se ìrẹsì àti orí ẹja tí wọ́n ń jẹ. Màámi ní mi ò ríṣẹ́ ṣe ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fi jọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹ̀bà tán, tí ẹ máa ń ju òkèlè tó kù sí ajá ará ilé kejì láti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yín ní Ìdímù, tí ẹ ó wá gbójú sókè bíi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Gbogbo wa la mọ̀, Bàbá.

Nígbà tí iléèwé gba ọlidé, ọmọ mi Yétúndé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi. Ọmọ ajá funfun kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe l'Ìkòtún bá lábẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀. Kì í gbó. Ó kàn máa ń wo èèyàn ni. Yétúndé fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn tó kù lọ.

Lọ́jọ́rú kan, mo rí i pé ibì kan ti pá lọ́rùn ọmọ ajá náà. Mo rò pé làpálàpá ni, mo fi ìpara pa á, mo sì ń bá Àǹtí Ṣadé ṣàwàdà pé ó ti lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Nígbà tí a máa fi débẹ̀ ní Sátidé, kò lè dìde mọ́. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ já wálẹ̀, tí a bá gbé omi sún mọ́ ọn, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Dókítà ẹranko tí wọ́n ké sí dúró lókèèrè wò ó. Dìgbòlugi ni. Ó bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ajá náà ti gé ẹnikẹ́ni jẹ. Mo ní rárá, fún ara mi àti fún ọmọ mi. Ajá náà kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àǹtí Ṣadé ló rántí ọrùn tó pá yẹn. Wọ́n bi mí bóyá ẹnì kan wà nílé wa tó máa ń fi irun ajá wo ojú ibi tí ajá bá gé jẹ. Ẹ̀yin náà ṣe é fún mi nígbà tí ajá gé mi jẹ ní kékeré: ẹ gé irun rẹ̀, ẹ sun ún, ẹ pò ó mọ́ epo pupa, ẹ fi dí ojú ọgbẹ́. Ó san. Ajá yẹn ò kúkú ní nǹkan kan lára.

Mo délé, mo ká apá aṣọ Yétúndé sókè. Ojú eyín náà rèé lókè ọrùn ọwọ́, epo dúdú ti gbẹ mọ́ ọn. Màámi ń ká aṣọ lọ́wọ́.

“Ajá ṣá ni,” ni wọ́n wí. “Mo ti fi irun ẹ̀ wò ó bí bàbá ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ó ti jinná, jàre.”

Àwọn ló fún ọmọ ní àlùmọ́gàjí tí ẹ fi sílẹ̀ kó lọ gé irun náà, wọ́n ní kó má jẹ́ kí n mọ̀, torí mo máa pariwo. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí. Ọwọ́ yín ni wọ́n ti kọ́ ọ. Mo bínú sí yín, Bàbá.

A ti fọ ọgbẹ́ náà dáadáa, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún un. Dókítà ní ó yẹ ká ti wá ṣáájú, ṣùgbọ́n ìrètí wà, ká ṣáà máa wò ó. Mò ń wo bó ṣe ń gbé ife omi. Mò ń wo bó ṣe ń gbé itọ́ mì. Ó ti wá mọ̀ pé mò ń ṣọ́ òun, ó ti ń fara pamọ́ mu omi báyìí, mi ò wá mọ̀ bóyá ó ń mu ún lóòótọ́.

Àná ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Láàárọ̀ yìí ó jí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun rí yín lójú àlá. Ó ní ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ ń pe òun ní Ìyá mi, bí ẹ ti máa ń pè é nítorí pé ìyá yín ti kú ká tó bí i. Ó ní ẹ gbé oúnjẹ síwájú òun. Mo bi í bóyá ó jẹ ẹ́. Ó ní òun ò rántí. Màámi tó ń gbọ́ wa dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Títí di báyìí, ohùn àdúrà wọn ni mò ń gbọ́.

Ṣé ẹ̀yin ni lóòótọ́? Ṣé ẹ wá ṣọ́ ọ ni, àbí ẹ wá pè é? Tó bá jẹ́ pé ẹ wá ṣọ́ ọ ni, kí ni ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ fún?

Lọ́sàn-án yìí mo bu omi fún un, ó ti ife náà kúrò. Ó ní kò wu òun. Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn ló ń fa ibà fún un. Dókítà ní ká máa bọ̀ kíákíá. Mo ti wọ bàtà fún un, à ń retí kẹ̀kẹ́, ni mo fi jókòó kọ èyí.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá yín ti wà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Èyí tó gbórí lé mi lẹ́sẹ̀ yìí, ọmọ tèmi ni. Tó bá tún yọ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ má sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ le ojú mọ́ ọn, ẹ jágbe mọ́ ọn, ẹ lé e kúrò níbẹ̀, kó sunkún bọ̀ wá bá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì fẹ́ kí ẹ rí ẹnikẹ́ni nínú wa.