Ìwé Apanilẹ́rìn-ín Tí Ìyàwó Mi Fi Sílẹ̀

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, Oníyanrìn.

Ràṣídà ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Lónìí mo ní kó ka ìwé apanilẹ́rìn-ín tí ìyá rẹ̀ máa ń túmọ̀ fún mi kí ikú tó mú un lọ. Ìyàwó mi ní òyìnbó tó kọ ọ́ sin ìyàwó tirẹ̀ náà, síbẹ̀ ẹ̀rín ló fi sílẹ̀ fún ayé.

Ràṣídà kà á, ó túmọ̀ rẹ̀. Mo ṣì ń retí ibi tí ẹ̀rín wà.

“Bàbá, ibi tó pani lẹ́rìn-ín ti kọjá o.”

Ìyá rẹ̀ a máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀ kó tó túmọ̀. Èmi náà a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, kì í ṣe òyìnbó.

Ẹ̀rín ti bá ẹlẹ́rìn-ín lọ.

Mo ní kó mú ìwé náà lọ fún ìyá ẹlẹ́pà l'Ọ́jà'ba, kó máa fi di ẹ̀pà. Ràṣídà ní òun ò ní kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́.